Ọkọ̀ ogun onígbòkun tó gùn ju apá lọ: ṣé orí tábìlì ni àbí inú gíláàsì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà inú eré yìí, ẹ gbà mí o. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe eré ogun orí tábìlì ní Ìbàdàn níbí. Ọkọ̀ páálí kéékèèké la fi ń ṣe é láti èṣí, ó sì ti sú mi. Mo fẹ́ kan ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́ gidi, onígbòkun, olópòó mẹ́ta, tí àgbá tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gùn ju apá mi lọ láti ìgúnpá dé orí ìka, ká sì máa fi jà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní orí mi ti dàrú, ó ní ọkọ̀ tó bá tó báyẹn, inú gíláàsì ló ń gbé, wọn kì í fi ṣeré. Èkejì ní kí ni ará Ìbàdàn tí kò rí òkun fẹ́ fi ọkọ̀ òkun ṣe. Ẹ dá mi lóhùn: báwo ni kó ṣe tóbi tó, igi wo ni kí n lò, ṣé kí n so gbogbo okùn rẹ̀ ni àbí kí n fi sílẹ̀? Tábìlì tí mo ní ò ju píláìwúùdù kan lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ òkun ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, òun ló rọrùn jù. Òṣóògùn, níbi tí wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló wà. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ọ̀sà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì onígbòkun kan, HMS Myrmidon, ló dá ọkọ̀ àwọn Pọtogí tí wọ́n rọ́ òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí dúró, ló sì gbà wọ́n sílẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ jókòó.

Ti èyí tó ní orí rẹ dàrú ló gba àròjinlẹ̀, torí kò parọ́ tán. Ọkọ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí ń lò. 1:1200 ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì dúró fún sẹ̀ǹtímítà ẹgbẹ̀fà lójú omi. Àwọn mìíràn ń lo 1:700. HMS Victory, tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú rẹ̀ nígbà ogun ojú omi Trafalgar ní 1805, gùn tó mítà 69 láti ṣóńṣó igi imú rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Ní 1:1200, kò pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ní 1:100, ó di sẹ̀ǹtímítà 69, orí òpó àárín rẹ̀ sì fi 62 ga ju ojú omi lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà lò ń gbé lọ́wọ́ yẹn.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré tún ní ẹni tí wọ́n lè tọ́ka sí. John Clerk ti Eldin, ará Scotland, kò ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí láyé rẹ̀. Ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ ló ń tò káàkiri orí tábìlì rẹ̀ títí ó fi kọ̀wé lórí ọgbọ́n ogun ojú omi ní 1782. Tó bá sì ṣe pé Trafalgar lo fẹ́ jà, kékeré náà ni kó o ṣe, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkọ̀ ogun ńlá 27 ni ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, ti Faransé àti Sípéènì 33. Ọgọ́ta ọkọ̀ ní 1:100, tá a bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, á gùn ju mítà 30 lọ. Nínú pálọ̀ ta ni?

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn ni pé wọ́n rò pé gbogbo ogun ojú omi ni Trafalgar. Àìmọye ìjà ayé ìgbà yẹn ló jẹ́ ọkọ̀ méjì péré, ọ̀kan ń lé, ọ̀kan ń sá, tàbí kí àwọn méjèèjì kọjú síra wọn bí àgbò. Ọkọ̀ ńlá, ogun kékeré. Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn, ìyókù àlàyé ni. Ẹni tó ní ọkọ̀ ńlá kò ní ju ọkọ̀ méjì sójú agbami lẹ́ẹ̀kan náà, ó pọ̀ tán, mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bá sì ti tó báyẹn, àwọn tó ń ṣeré á dẹ́kun wíwo ìwé òfin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé pẹ̀lú dẹ́kì, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ọ̀tá láàárín òpó tiwọn. Ọkọ̀ oní-sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ò lè mú ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti já mi ní koro lórí eléyìí. Ó ní ìṣirò mi kò bára mu: píláìwúùdù odindi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mítà 244 péré ló dúró fún ní 1:100, bẹ́ẹ̀ àgbá ńlá lè ju ọta kọjá kìlómítà kan. Ó ní ibi tí ọkọ̀ méjèèjì bá wà lórí tábìlì, wọ́n á ti wà lẹ́nu àgbá ara wọn.

Ìṣirò ẹ̀ péye, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n kí ọta dé ibì kan yàtọ̀ sí kí ó rí nǹkan bà níbẹ̀. Ọkọ̀ ń fì, ọ̀tá ń fì, ojú lásán ni wọ́n fi ń wọ́n ọ̀nà, èéfín ẹ̀tù sì ti bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó láyà máa ń dákẹ́ títí wọ́n á fi súnmọ́ ọ̀tá débi pé ìbọn ìléwọ́ lè bà á. Eré tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìlélọ tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀, dáìsì méjì la fi ń parí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ̀ jáde nínú páálí.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la sì ń ṣe é, kì í ṣe orí tábìlì. Táìlì pálọ̀ mi ló fa èyí, oní-sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ bá mi ṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rin nọ́ọ̀tì 5 máa ń rin mítà méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó ti rin nǹkan bíi mítà 39. Ní 1:100, sẹ̀ǹtímítà 39 nìyẹn. Táìlì kan rèé! Ìdí nìyí tá a fi fẹnu kò pé ìyípo kan, ìyẹn ìgbà kan tí kálukú fi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ rìn, jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15, ọkọ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ dára á sì rin táìlì kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mọ iṣẹ́ dunjú máa ń ki àgbá padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìyípo mẹ́fà. Tó o bá ti yìn gbogbo àgbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ tán, táìlì mẹ́fà lo máa rìn kó o tó tún gbúròó wọn. Ẹ ò mọ bí táìlì mẹ́fà ṣe máa ń gùn tó nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ wá sẹ́yìn rẹ.

Atẹ́gùn náà ńkọ́? Táìlì yìí kan náà ni. Ọkọ̀ onígbòkun ìgbà yẹn kì í lè dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ibi tó lè súnmọ́ ọn mọ ni nǹkan bíi dígíríì 67. Ká ní ẹnu ọ̀nà ni atẹ́gùn ti ń wá, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ sápá ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ gba igun táìlì dé igun táìlì, torí dígíríì 45 nìyẹn. Táìlì méjì sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sókè, bí ẹṣin orí ṣẹ́ẹ̀sì. Dígíríì 63 ni ìyẹn ń jẹ́. Dígíríì mẹ́rin tó kù, a ti fi jin Ọlọ́run.

Ìwọ oní-píláìwúùdù, fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà táìlì sórí rẹ̀, ọ̀nà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Á há díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì tí kò tóbi jù lè jà níbẹ̀.

* * *

Àwọn kan ti ń bínú pé mo ní kí àgbàlagbà máa rá kòrò nílẹ̀. Ẹni tí eékún ń dùn, kó gbé àpótí ìdáná wá kó jókòó lé e. Ìyàwó mi gan-an ní ohun tó dun òun ni pé wọn kì í jẹ́ kóun kọjá sí kíṣìnì láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí "òkun" wà lójú ọ̀nà. Ó sọ òótọ́. A ti fi ìlà táìlì kan sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, erékùṣù la ń pè é.

* * *

Igi. Níbí ni gbogbo ayé ti ń ṣe bíi pé tálákà ni wá, bẹ́ẹ̀ àwa la ni ín. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ àwòṣe nílẹ̀ òkèèrè máa ń ra igi kan tí wọ́n ń pè ní obeche, wọ́n á ní ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ara rẹ̀ mọ́, kò sì ní kókó púpọ̀. Arère ni. Arère tiwa yìí, tí wọ́n tò jọ gègèrè ní ọjà pákó Bódìjà. Má lọ wá balsa kiri, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti wá. Àgékù pákó arère tí àwọn onímáṣìn-ín gé kù, tí ẹlòmíràn ń kó lọ dáná, ló máa ṣe ọkọ̀ rẹ.

Ohun tó yẹ kó o bẹ̀rù ni omi inú igi. Ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, odindi ìtì ọmọ̀ ni mo gbẹ́ ẹ láti inú rẹ̀, torí mo gbọ́ pé igi ọmọ̀ làwọn tó ń gbẹ́ ìlù ń lò. Ẹni tó tà á fún mi fi ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ti gbẹ kangbe." Oṣù kẹsàn-án nìyẹn, òjò ṣì ń rọ̀. Mo gbẹ́ ẹ, mo fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán, mo kun ún ní dúdú àti òféèfèé. Nígbà tó di àárín oṣù kejìlá, ọyẹ́ dé. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan dún pọ́ọ̀ nínú yàrá. Mo rò pé eku ni. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti là láti iwájú dé àárín, ẹnu ibi tó là gba owó ẹyọ náírà kan. Mo ṣì ní in. Ó ń bẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Látìgbà náà, pákó pẹlẹbẹ ni mo ń tò léra wọn. Ọkọ̀ olópòó mẹ́ta bíi USS Constitution ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ sómi ní 1797, mítà 62 ló gùn, ìbú rẹ̀ kò ju 13 àti díẹ̀ lọ. Ní 1:100, pákó oní-ínǹṣì kan mẹ́ta tá a tò léra ti tó ara rẹ̀ láti ojú omi sókè. Gé páálí tó jẹ́ àwòrán ìpele kọ̀ọ̀kan, fi báírò fa ìlà rẹ̀ sórí pákó, fi ayùn wáyà gé e, kó o wá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kó o tó lẹ̀ ẹ́, gé àárín pákó kejì àti ìkẹta jù nù kí inú ọkọ̀ ṣófo. Á fúyẹ́, kò sì ní là, torí pákó tín-ín-rín gbẹ jinlẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa ń fi pákó sórí fìríìjì kí n tó fọwọ́ kàn án. Kòkòrò fẹ́ràn arère o, nítorí náà inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀dà.

Má ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rárá. Ibi tí omi bá mọ ni kó ti parí, kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Àwọn tó ń ṣe é fún inú gíláàsì ló ń gbẹ́ ìsàlẹ̀.

Ẹnìkan dámọ̀ràn fóòmù funfun tí tẹlifíṣọ̀n máa ń bá wá. Ó yá lóòótọ́. Fọ́n ọ̀dà inú agolo sí i lára kó o wá pe wá ká wá wo bó ṣe ń yọ́.

* * *

Ká tó kúrò níbẹ̀: ọkọ̀ tí kò ní ìsàlẹ̀, tí òpó rẹ̀ ga tó 50 sẹ̀ǹtímítà, máa ṣubú. Kò sí pé bóyá. Kì í ṣe ọkọ̀ àwòṣe nìkan ló ń ṣe é. Vasa, ọkọ̀ ọba Sweden, rì sínú èbúté Stockholm ní 1628 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbéra, kò tíì rìn ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ. Orí rẹ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn kàn tì í díẹ̀, omi gba ojú ihò àgbá ìsàlẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ wọlé, ó parí. 1961 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ohun tí èmi ń fi sínú ọkọ̀ ni òjé kéékèèké tí àwọn oní-táyà fi ń ṣe bálánsì. Bẹ vọ́kánáísà tó wà ládùúgbò rẹ, á fún ọ ní èyí tó ti já. Tó ogún sí inú pákó ìsàlẹ̀, fi gọ́ọ̀mù mú un.

* * *

Ó kan okùn, ibi tí ìjà pọ̀ sí jù.

Ẹgbẹ́ kan ní ọkọ̀ onígbòkun tí kò ní okùn dà bí adìyẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní okùn kankan ò gbọdọ̀ sí lára ohun tí ọwọ́ ń gbé. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kìíní rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi so okùn Constitution, lálaalẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí torí iná tí kì í dúró. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀: èyí tó di òpó mú, èyí tó ń fa ìgbòkun, àkàsọ̀ tí àwọn atukọ̀ ń gùn. Ọjọ́ Iléyá ni ẹ̀gbọ́n mi ti Yídì dé tààrà sílé mi. Agbádá ńlá ló wọ̀, sányán, tó mú gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kí lèyí? Ọkọ̀ ojú omi?" Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Inú rẹ̀ dùn, ó yìn mí, ó ní ọwọ́ bàbá wa ni mo mú. Ó wá nà tán, ó gbé apá agbádá ọ̀tún sí èjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá agbádá lọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1812, Constitution yìí gan-an ló fi àgbá wó gbogbo òpó ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Guerriere, lulẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi yá ju tìyẹn lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń kan ọkọ̀ báyìí. Òpó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ. Ara báírò tó ṣófo ni mo ń gé sínú ihò dẹ́kì, òpó á wọ inú rẹ̀, á dúró, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá gbá a, á jáde dípò kó kán. Ó wá ṣe wá láǹfààní méjì. Nígbà tí àgbá bá ti wó òpó kan nínú eré, a kì í kọ nǹkan kan sínú ìwé, a kàn ń fa òpó yọ, a gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló máa rí i pé ó ti parí fún un. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń ta kò mí lórí ohun gbogbo dákẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ òpó àárín ọkọ̀ rẹ̀.

Okùn tí mo fi sílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, àkàsọ̀ ẹ̀gbẹ́ òpó, torí òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo ń lò, dúdú, mo ń gé e ní ìrísí imú ọ̀kọ̀, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ́ ihò lára ọkọ̀. Tí o bá fa òpó, ó ń tú fúnra rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kìíní ní ojú ihò rẹ̀ tóbi jù. Wọ́n tọ̀nà. Láti ibi tí a dúró sí, kò sẹ́ni tó rí i.

Igi sùyà ló ń di ọ̀pá tó dábùú òpó, tí ìgbòkun so kọ́. Òpó fúnra rẹ̀, ọparun ni mo ń là, torí ó ń tẹ̀ kó tó kán. Ìgbòkun ńkọ́? Àwọn kan ń lo aṣọ. Èmi ò lò ó, torí fọ́nrán aṣọ ní 1:100 máa ń dà bí ẹni tí wọ́n fi ewé hun. Pépà àpò sìmẹ́ǹtì ni, ìpele inú tó mọ́. Fi gọ́ọ̀mù tó ti rọ̀ díẹ̀ pa á lára, wé e mọ́ ìgò, jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Á wú bí ẹni tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà kò nílò ọ̀dà. Ẹ pa fáànù tẹ́ ẹ bá ń ṣeré o. Àwa tí a ń làágùn nínú pálọ̀ Ìbàdàn lóṣù kẹta nítorí pépà sìmẹ́ǹtì, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ wá.

* * *

"Ọkọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ kàn?" Má bẹ̀rẹ̀ láti orí Victory. Black Joke ni mo máa ní kó o kàn.

Ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀, Henriqueta lorúkọ rẹ̀, àwọn ará Brazil ló ni ín, ó sì ń sáré bí ìjì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì HMS Sybille mú un ní 1827. Dípò kí wọ́n bà á jẹ́, wọ́n gbé àgbá sí i, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ní kó máa lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kiri etíkun tiwa níhìn-ín. Olópòó méjì ni, gígùn rẹ̀ kò tó mítà 30, nítorí náà ní 1:100 kò tó sẹ̀ǹtímítà 30. Wàá parí rẹ̀ ní oṣù kan, á sì wọ orí píláìwúùdù rẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1829, ó lé ọkọ̀ ẹrú El Almirante, oní-àgbá 14, fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, ó bá a jà, ó mú un. Ènìyàn 466 ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tó máa tẹ̀lé e, torí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi lójú. Ẹnìkan tó dàgbà jù mí lọ ní, "Ẹ má fi ìyà àwọn bàbá wa ṣe eré lúdò." Mi ò bínú sí i. Mo lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo rí ni pé bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kò dáa lóòótọ́: à ń yìn àgbá sí ikùn El Almirante bíi pé ẹrù ìrèké ló wà níbẹ̀. Ó wá di òfin láàárín wa pé Black Joke kò gbọdọ̀ yìn sí ikùn ọkọ̀ yẹn. Òpó, okùn, ìgbòkun, àwọn tó wà lórí dẹ́kì, ó tán. Ọta kọ̀ọ̀kan tó bá sì fò sísàlẹ̀, tí dáìsì bá mú oókan, ẹni tó yìn ín ló gbé ẹ̀bi rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo yìí ló sọ eré náà di eré. O ní àgbá, o ò lè lò ó bó o ṣe fẹ́. O gbọ́dọ̀ fi ìrìn borí, kó o lọ sẹ́yìn rẹ̀, kó o wó òpó rẹ̀, kó o fò lé e lórí. Nínú ìjà mìíràn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń pa á jù, torí gíláàsì fèrèsé ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ọta tó bá gba ibẹ̀ wọlé á lọ títí dé iwájú. Níbí, ìwọ tó o dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tún lè yìn ín. Mo ti rí àwọn tó fi ìbínú kúrò nídìí ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ jẹ́ ọ̀gá El Almirante. A ò bá ẹnikẹ́ni fà á. Dáìsì ló ń tu ọkọ̀ yẹn.

* * *

Wọ́n bi mí nípa ogun Èkó ti oṣù kejìlá 1851, ti Kòsọ́kọ́ àti Akítóyè. Ogun tó dùn ún kàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti onígbòkun. Ọkọ̀ tí ẹ̀rọ èéfín ń tì bíi HMS Bloodhound àti Teazer ló wọ ọ̀sà, àgbá Kòsọ́kọ́ wà ní etí omi, Teazer sì gúnlẹ̀ mọ́ yanrìn. Atẹ́gùn ò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàn án, kó máa wá agolo tó máa fi ṣe ẹ̀rọ èéfín.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun ti lọ sí Bódìjà, òun ti rí arère, ó wà lórí fìríìjì àǹtí òun, àǹtí ò tíì mọ̀. Ó ń béèrè ohun tóun máa fi ṣe àgbá, nítorí òun gbẹ́ mẹ́ta látinú igi, ọ̀bẹ sì gé òun lọ́wọ́.

Má gbẹ́ àgbá. Ìfun báírò ni, èyí tí íńkì rẹ̀ ti tán. Fi wáyà fa ìyókù íńkì jáde kó tó ba dẹ́kì rẹ jẹ́, èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àgbá ńlá tó ń ju ọta oní-pọ́n-ùn 32 gùn tó mítà mẹ́ta dín díẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lórí ọkọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ tí ojú kò rí. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kùn ún ní dúdú, lẹ̀ ẹ́ sínú ihò, kí ìdajì sẹ̀ǹtímítà yọ síta. Tó bá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa kọ́ ara ọkọ̀ kejì tẹ́ ẹ bá fẹ́ fò léra yín. Black Joke kò ní irú àgbá ńlá yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Ti àárín dẹ́kì ni ọ̀gá níbẹ̀, èyí tó ń yí síbi tó bá wù ú. Píìnì aṣọ ni kó o fi gún un mọ́lẹ̀, kí orí píìnì má sì wọlé tán, kó lè máa yí.